Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Dán Ọ̀nà Náà Wò?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti agbègbè etíkun Àgbádárìgì sọ

  

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ yàn fún mi lónìí ni kí n ṣàlàyé ohun kan tí ó wà nínú ìwé àdéhùn tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wa ṣe. Gbogbo yín mọ̀ pé a fẹ́ gbé ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi fóònù rẹ̀ wo iye tí ó fi pamọ́, kí ó lè tọrọ ẹ̀yáwó, kí ó sì lè san án padà láìwọ ọkọ̀ wá sí ọ́fíìsì. Nínú ìwé àdéhùn náà, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kọ ọ́ pé àwọn yóò gba owó fún ìdánwò tí ẹ̀rọ yóò máa ṣe fúnra rẹ̀ nínú bùráúsà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹnìkan nínú wa dìde, ó ní kí ni ìyẹn? Kí ló dé tí a ó fi sanwó fún un, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ètò ni ó yẹ kí ó mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ pé? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí owó rẹ̀ fẹ́ jáde ni ó yẹ kí ó béèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí dáhùn.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí n kò ní dárúkọ. A ní ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwa, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ọdún kan. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ẹni tí ó kọ ètò náà fún wa ṣe àtúnṣe kékeré sí ojú ìwé tí a fi ń san ẹ̀yáwó padà. Ó ní kí ó lè dùn ún wò sí i ni. Ó dán ojú ìwé náà wò, ó rí i pé ó ń ṣí, ó tẹ bọ́tìnnì, ó rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A ti gba owó yín, ẹ ṣeun." Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó gba ilé lọ.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ń yan ẹja tà. Ó yá ₦300,000 lọ́wọ́ wa, ó sì ń san ₦25,000 lóṣooṣù. Kò fi oṣù kan jẹ wá rí. Lẹ́yìn àtúnṣe ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó san ti oṣù náà, ó sì rí "ẹ ṣeun" lójú fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà kò dé orí ẹ̀yáwó rẹ̀. Inú owó ìfipamọ́ rẹ̀ ni ètò náà dà á sí. Nígbà tí oṣù parí, ètò náà wo ìwé ẹ̀yáwó, kò rí owó kankan níbẹ̀, ó sì ṣe ohun tí àwa fúnra wa ti ní kí ó máa ṣe: ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì pé ìyá náà ti kọ̀, kò san gbèsè.

Ìyá náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó mú fóònù rẹ̀ dání, ó sì mú ìwé kékeré tí ó máa ń kọ owó rẹ̀ sí dání. Ẹ̀yin ará mi, ojú ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Mo wo kọ̀ǹpútà, mo sì sọ fún un pé, "Ìyá, kọ̀ǹpútà kì í purọ́." Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí àṣìṣe náà. Nígbà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa ni a lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Nígbà tí mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà, kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Akọ̀wé, ṣé ẹ kò lè rán ẹlòmíràn gba ibẹ̀ kọjá kí ẹ tó rán èmi?"

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ìdánwò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ kíyè sí i pé ojú ìwé ìsanwó kò ní àbùkù nígbà tí a wò ó lọ́tọ̀. Ìṣirò ẹ̀yáwó náà kò ní àbùkù nígbà tí a wò ó lọ́tọ̀. Ibi tí ọ̀kan ti ń fa owó lé èkejì lọ́wọ́ ni nǹkan ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó lè rí i.

Kí ni ìdánwò náà?

Bí ẹ bá ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ohun tí ẹ fi ń wò ó ni à ń pè ní bùráúsà. Chrome àti Firefox wà lára wọn. Ohun gbogbo tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe nínú ètò wa, inú bùráúsà ni yóò ti ṣe é. Nítorí náà, inú bùráúsà ni ìdánwò tí ó bá fẹ́ rí ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ ń rí gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Àwa ará etíkun mọ̀ pé bí ẹni tí ń gbẹ́ ọkọ̀ bá gbẹ́ ọkọ̀ tuntun tán, kì í ṣe ìyá ọlọ́jà àti ẹrù rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀. Yóò tì í sí ibi tí omi kò jìn, yóò wò ó bóyá ó ń jò, yóò wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, yóò wà á lọ, yóò wà á bọ̀. Bí ó bá sì tún ibì kan ṣe lára ọkọ̀ náà lọ́dún tí ń bọ̀, yóò tún tì í sómi. Kò ní sọ pé, "Mo ti dán an wò nígbà tí ó wà ní tuntun."

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí à ń tún ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àtúnṣe lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá ní kí ènìyàn máa tẹ gbogbo bọ́tìnnì wò lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, yóò ṣe é lọ́jọ́ kìíní, yóò ṣe é lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ kẹwàá, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì fo ibì kan. Ibi tí ó fò yẹn ni àṣìṣe ń lúgọ sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ìlànà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kan, tí yóò ṣí bùráúsà fúnra rẹ̀, tí yóò kọ orúkọ, tí yóò tẹ bọ́tìnnì, tí yóò sì ka ohun tí ó bá rí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti ṣe. Mo ń pè é ní ọmọ ẹgbẹ́ àdánwò. Kò ní owó, kò ní ọjà, kì í rẹ̀ ẹ́.

Ká ní a ti kọ ìrìn ìyá ẹlẹ́ja yẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ni, báyìí ni ìbá rí, bí a bá fi ti èlé sílẹ̀ ná:

1. Ṣí bùráúsà, kí o lọ sí ojú ìwé ẹgbẹ́.
2. Kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àdánwò àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí o sì wọlé.
3. Wo ìwé rẹ̀. Gbèsè gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦300,000; owó ìfipamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦50,000.
4. Lọ sí ibi ìsanwó, kí o san ₦25,000 sórí ẹ̀yáwó.
5. Dúró títí rìsíìtì yóò fi jáde.
6. Jáde, kí o tún wọlé. Gbèsè gbọ́dọ̀ ti di ₦275,000. Owó ìfipamọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ₦50,000 síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.
7. Wọlé gẹ́gẹ́ bí akápò. ₦25,000 náà gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí ó wọlé lọ́jọ́ náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ohun tí ẹ̀rọ bá rí kò bá ohun tí a kọ mu, yóò dúró síbẹ̀, yóò ya àwòrán ohun tí ó wà lójú rẹ̀, yóò sì kígbe sí ẹni tí ó kọ ètò. Àtúnṣe náà kò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kankan títí a ó fi tún un ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ká ní a ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni, ìlà kẹfà ni ìbá ti mú un, ìyá náà kì bá tí mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Bọ́tìnnì tí a tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀bá omi mọ bí nẹ́tíwọ̀kì wa ti rí. Lẹ́bàá Sẹ̀mẹ̀, fóònù á máa fo sórí nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní àwọn abúlé kan, ẹ ní láti rìn lọ sí etí òkun kí ẹ tó rí i mú. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, kò ní rí nǹkan kan. Yóò tún un tẹ̀. Yóò tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀melòó ni owó yóò jáde lápò rẹ̀? Bí a kò bá kọ ìdánwò tí yóò tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, tí yóò sì rí i dájú pé owó jáde lẹ́ẹ̀kan, a kò lè dáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwa tí nẹ́tíwọ̀kì wa kò dára nìkan ni. Láti ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, láti fi ṣírò owó ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀ káàkiri ìlú àti abúlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ní Dalmellington ní Skọ́tíláǹdì, alábòójútó ẹ̀ka kan fẹ́ kọ owó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú ètò náà, £8,000. Ó tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà kò yí padà. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí, ètò náà ti kọ £8,000 lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di £32,000, ó sì dà bí ẹni pé £24,000 ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí owó tí ó sọnù. Bọ́tìnnì ni.

Ti Dalmellington wá sójú táyé. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Horizon bá ní owó dín, ẹni tí ń bójú tó ẹ̀ka ni wọ́n ń sọ pé ó jí i. Ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè tàbí èké ìṣirò. Wọ́n ju àwọn kan sẹ́wọ̀n; àwọn kan ta ilé wọn láti fi dí gbèsè tí wọn kò jẹ; àwọn mìíràn kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Òfin ilẹ̀ náà nígbà yẹn gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, àfi bí ẹnìkan bá mú ẹ̀rí mìíràn wá. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí mo sọ fún ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n sọ fún wọn? Alan Bates, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó náà, kó àwọn ènìyàn jọ, àwọn 555 sì pe ẹjọ́ pa pọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Adájọ́ Fraser dá a pé àṣìṣe wà nínú Horizon, ó sì lè sọ owó ènìyàn di àìpé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin tí ó fagi lé ìdálẹ́bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbà wọ́n ní ogún ọdún ó lé kí wọ́n tó sọ pé, "Ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi."

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nílé

Kò pọn dandan kí a lọ sí òkè òkun kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ tí ó ṣe ìdánwò JAMB ní ọdún 2025. Ní ọdún náà, wọ́n ṣe àtúnṣe sí ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò tí wọ́n sì fi ń máàkì rẹ̀. Àtúnṣe náà dé orí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá, tí à ń pè ní sáfà, ní apá kan orílẹ̀-èdè yìí. Kò dé orí àwọn tí wọ́n lò fún Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ti Gúúsù-Ìlà Oòrùn. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ṣe ìdánwò. Èsì jáde, kò sì sí ẹni tí ó rí àṣìṣe náà kí èsì tó jáde. Iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn jẹ́ 379,997, ní ibùdó 157. Nínú wọn, 206,610 ni ó wà ní ibùdó 65 ní Ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé, ẹni tí ó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, dúró níwájú àwọn akọ̀ròyìn. Ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọ náà ti tún ìdánwò ṣe. Ó yẹ kí a yìn ín pé kò fi ogún ọdún sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ká ní ẹ̀rọ kan ti jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ àdánwò níwájú sáfà kọ̀ọ̀kan, tí ó dáhùn ìbéèrè tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀, tí ó sì ka èsì tí ó gbà, ta ni kì bá tí rí i pé ti Èkó yàtọ̀?

Ẹ̀kọ́ tí mo fà yọ ni èyí: ìdánwò tí ó yege lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ètò kò tó. Ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti bá a pàdé ni a ti gbọ́dọ̀ dán an wò. Bùráúsà tí wọ́n ń lò ní ọjà, fóònù tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nẹ́tíwọ̀kì tí ń fà, sáfà tí owó wa wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni.

Irinṣẹ́ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa irinṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò lò, kí ẹ má bàa rò pé ohun àṣírí ni. Ní ọdún 2004, ní Chicago ní Amẹ́ríkà, Jason Huggins ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ThoughtWorks, lórí ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń kọ wákàtí iṣẹ́ àti ìnáwó wọn sílẹ̀. Ó sú u láti máa fi ọwọ́ dán ètò náà wò ní gbogbo ìgbà. Ó kọ irinṣẹ́ kan tí yóò máa tẹ bọ́tìnnì fún un, wọ́n ń pè é ní Selenium. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, W3C, fi òǹtẹ̀ lu ìlànà kan tí ó ti inú iṣẹ́ yẹn jáde, kí àṣẹ kan náà lè yé bùráúsà gbogbo. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Microsoft gbé Playwright jáde, èyí tí ó lè fi ìlànà kan ṣoṣo dán ètò wò nínú oríṣi bùráúsà mẹ́ta tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò jù.

Ọ̀fẹ́ ni Selenium, ọ̀fẹ́ sì ni Playwright. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó irinṣẹ́ wọ̀nyí, ẹ béèrè dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a fẹ́ sanwó fún: àkókò tí ọ̀dọ́ yóò fi kọ ìlànà sílẹ̀, tí yóò sì máa tún un ṣe bí ètò wa bá ti ń yí padà.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

N kò ní fi adùn nìkan bá yín sọ̀rọ̀. Ìṣọ́ra mẹ́rin wà.

Èkíní, irú ìdánwò yìí kì í yára tó ìdánwò kékeré tí ń wo ìṣirò nìkan. Bí a bá kọ ẹgbẹ̀rún kan, wákàtí ni yóò máa gbà, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó. Kí a fi ìdánwò kékeré ṣọ́ ìṣirò, kí a sì fi èyí tí ó rìn dé òpin ṣọ́ ọ̀nà tí owó ń gbà.

Èkejì, ìdánwò mìíràn a máa kígbe láìsí àṣìṣe. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá sọ fún ẹ̀rọ pé "dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún", nẹ́tíwọ̀kì lè fà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò sì ní kò sí rìsíìtì. Ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni "dúró títí rìsíìtì yóò fi jáde". Ajá tí ń gbó ní gbogbo òru, nígbà tí olè bá dé, ta ni yóò jí?

Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ fi owó àti orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ gidi ṣe àdánwò. Ọ̀tọ̀ ni kí ìwé owó àdánwò wà. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kò fẹ́ kí a máa fi àkọsílẹ̀ ènìyàn ṣeré.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí a bá bi ẹ̀rọ nìkan ni ó ń dáhùn. Kò lè sọ fún wa bóyá ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú ìwé yé ìyá tí ń sọ Ègùn. Kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá wa ni fóònù kékeré wà lọ́wọ́ wọn, tí kò lè ṣí bùráúsà rárá. Nítorí náà, ènìyàn gbọ́dọ̀ dán an wò pẹ̀lú, ìwé ìfowópamọ́ alákọsílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ parẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Iṣẹ́ tiwa níbẹ̀

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. A sábà máa ń rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ti àwọn ọ̀dọ́ ni. Ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó lè ba ọmọ ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́. Àwa ni a mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá sọ ọ́, kò ní dán an wò, nítorí kò mọ̀ pé ó wà.

Ta ni ó mọ̀ pé ènìyàn mẹ́ta lè jẹ́ orúkọ kan náà nínú ẹgbẹ́ kan? Akọ̀wé ni. Ta ni ó mọ̀ pé onídùúró lè jẹ́ ẹni tí òun pàápàá ń jẹ gbèsè? Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni. Ta ni ó mọ̀ pé nígbà tí omi bá kún, apẹja lè mú ìdajì owó wá lóṣù yìí, kí ó sì san ìyókù lóṣù tí ń bọ̀? Akápò ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú ńkọ́, tí ajogún rẹ̀ wá gba owó? Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ ẹgbẹ́ àdánwò gbọ́dọ̀ rìn kí ọmọ ẹgbẹ́ gidi tó rìn ín.

Ẹ rántí ibi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1844, ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 28 da owó jọ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò ti máa ta ojúlówó ọjà, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí kò ní màgòmágó. Nígbà tí Strickland kọ ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1934, tí ìjọba sì ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, àyẹ̀wò ìwé owó wà lára ohun tí ó dúró lé. Àyẹ̀wò ọdọọdún ṣì dára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè ṣi ìwé ẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ láàárín òwúrọ̀ kan. Òṣùwọ̀n tí a ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò tó fún un mọ́.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni mo bẹ ìpàdé yìí pé kí ó fọwọ́ sí:

1. Kí a má san owó ìkẹyìn fún ètò náà títí gbogbo ìdánwò ọ̀nà owó yóò fi yege lójú ìgbìmọ̀, lórí fóònù bí irú ti ọmọ ẹgbẹ́.
2. Kí ìlànà ìdánwò náà jẹ́ ohun ìní àpapọ̀ ẹgbẹ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí bá lọ lọ́la, kí ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ lè máa lò ó.
3. Kí àtúnṣe kankan má dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ bí ìdánwò kò bá yege, ì báà jẹ́ àtúnṣe àwọ̀ ojú ìwé.
4. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá rí àṣìṣe, kí a kọ́kọ́ kọ ìdánwò tí yóò fi àṣìṣe náà hàn, lẹ́yìn náà kí a tún un ṣe, kí ó má bàa padà wá.
5. Kí ẹ̀rọ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè ránṣẹ́ sí onídùúró láìjẹ́ pé ènìyàn ti yẹ ìwé wò. Kí akọ̀wé kankan má sì tún sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó mú ìwé rẹ̀ dání pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́.

Ẹ̀yin ará, kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó dé, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn márùn-ún wá: ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe, ohun tí ó yẹ kí ó rí, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i láéláé. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Ègùn, bí ó bá ti rọrùn fún yín. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí èdè kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn. Ẹ fún akọ̀wé àpapọ̀ ẹgbẹ́ kí ó lè kó o fún wọn.

Ìyá ẹlẹ́ja tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó san gbèsè rẹ̀ tán, ó sì tún yá òmíràn. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá ti sanwó lórí fóònù, ó ṣì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. N kò sọ fún un mọ́ pé kí ó má ṣe é. Ìtàn tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Ó ku tiyín.